Ọmọ Ìyálé Mi Lórí Káàdì Ọkọ Mi

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni ìyàwó tí ọkọ mi kọ́kọ́ fẹ́ wá bá mi nílé fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi tó wà níwájú ilé ni, mo ń fi àkísà nu eruku orí máṣíìnì. Nígbà tí mo gbójú sókè, òun ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà, ó ti dàgbà ju ẹni à ń pọ̀n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì nísàlẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n lé ìyá rẹ̀ léjìká, àyà rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, tòun ti ariwo féefée kan tí mo ń gbọ́ láti ibi tí mo dúró sí.

Mo mọ ìyá náà dáadáa. Ta ni kì í mọ ẹni tó ti jókòó sórí àga kó tó kan òun? Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí à ń gbé, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní Tíṣà. Bí a bá pàdé lọ́nà ọjà Òkè-Ajé, èmi a yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun náà a máa ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì. A ò jà rí, a ò sì kí ara wa rí.

Ó kí mi, mo dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó gbé e wá. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì bínú.

"Ọmọ ọkọ yín ni. Kò lè mí. Ilé ìwòsàn ní àwọn kò lè gbà á láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mú un wá."

Kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Oníkatapílà ni ọkọ mi, lábẹ́ iléeṣẹ́ òyìnbó kan tó ń la ọ̀nà. Bí ọ̀nà náà ṣe ń gùn sí i ni kámpù wọn ń ṣí síwájú, òun náà a sì máa bá kámpù lọ. Ó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó wálé. Ó fẹ́ kí Tíṣà fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ kó máa bá òun gbé inú kámpù. Tíṣà ní òun kò kàwé tó báyìí láti wá máa gbọ́únjẹ nínú igbó. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo, ariwo di ẹjọ́, kóòtù ìbílẹ̀ sì tú wọn ká. Ààrẹ kóòtù ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí yóò fi gbọ́njú, kí bàbá sì máa gbọ́ bùkátà ìlera rẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọmọ náà ní àìsàn àìlèmí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Ọkọ mi ní ìyẹn kò le, pé ọmọ òun wà lórí káàdì iléeṣẹ́ òun títí tí yóò fi dàgbà.

Káàdì náà kì í ṣe ohun kékeré nígbà náà. Iléeṣẹ́ wọn bá ilé ìwòsàn aládàáni kan ṣe àdéhùn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, iléeṣẹ́ a fi tirẹ̀ kún un, bí òṣìṣẹ́ tàbí ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ bá sì ṣàìsàn, dókítà a tọ́jú wọn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Lóde òní wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní adójútòfò ìlera. Nígbà tiwa, káàdì ni à ń pè é, ẹni tó bá sì ní in, ọrùn rẹ̀ a máa gùn díẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láyé ìjọba àwọn olóṣèlú, káàdì náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún Tíṣà. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú nílé ìwòsàn ìjọba ní ìpínlẹ̀ wa, ibẹ̀ ló sì ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí àwọn sójà gbàjọba ni nǹkan yí padà. Wọ́n ní kí a máa sanwó, wọ́n ní kí a máa ra abẹ́rẹ́, nígbà tó yá ó di pé à ń ra òwú pàápàá láti ìta wá. Owó oṣù àwọn olùkọ́ kò sì jáde déédéé mọ́. Bí ọyẹ́ ọdún náà ṣe dé, tí eruku bo gbogbo ìlú, àyà ọmọ náà tún dì. Tíṣà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni tó wà lórí káàdì. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún un pé lóòótọ́ ni ọmọ wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn, ṣùgbọ́n òfin iléeṣẹ́ ni pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ ni kó mú ọmọ wá, pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Ọkọ mi wà nínú igbó níbi tí kò sí tẹlifóònù. Káàdì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ Tíṣà ṣe dé ẹnu ọ̀nà mi.

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé mo ní ọkàn rere ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo àyà ọmọ náà kò ní ráyè rò ó ni. Mo mú káàdì, mo ti ilẹ̀kùn, a wọ takisí.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, akọ̀wé náà ṣí káàdì, ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi. Fọ́tò Tíṣà ni wọ́n ti ṣí kúrò níbẹ̀ tí wọ́n fi tèmi rọ́pò, àmì gọ́ọ̀mù àtijọ́ ṣì hàn yí tèmi ká. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí Tíṣà rí, ó béèrè pé ta ni ìyá ọmọ. Tíṣà wò mí.

Mo ní, "Èmi ni."

Tíṣà tú ọ̀já, ó sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọmọ náà kò ké. Kò ní èémí tó lè fi ké. Ó kàn fi ọwọ́ di ẹ̀wù mi mú bí ẹni tó di ẹ̀ka igi mú lójú omi, mo sì gbé e wọ yàrá dókítà lọ, ìyá rẹ̀ dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

Wọ́n rọra gún un ní abẹ́rẹ́ sínú iṣan apá, wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú àgbá sí i nímú. Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo náà ń rọlẹ̀, títí ó fi sùn. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì jẹ́ kí Tíṣà wọlé. A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ọmọ wà láàárín wa. Nígbà tó ṣe, mo bi í léèrè kí ni mo máa pè é. Ọ̀rọ̀ náà ti ń gbé mi nínú láti àárọ̀, nítorí ìyálé ni à ń pe ẹni tó ṣáájú ẹni wọlé ọkọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣáájú ẹni wọlé, tó sì ti jáde kí ẹni tó dé, mi ò mọ orúkọ tí àwọn àgbà fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní gbogbo ayé ló ń pe òun ní Tíṣà, kí èmi náà bá ayé lọ.

Ti ọmọ kò le. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, àgbà ni í ṣe sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ọmọ náà lajú tó ń wo àjèjì tó jókòó tì í, mo kí i, mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, ọkọ mi kékeré." Tíṣà yíjú sí fèrèsé. Nígbà tó tún yíjú padà, ojú rẹ̀ ti rọ̀.

Dókítà ní kí a máa mú ọmọ wá láràárọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí òun lè máa gún un lábẹ́rẹ́, kí ó má sì lọ sílé-ẹ̀kọ́. Tíṣà kò lè fi kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò yọ níṣẹ́ káàkiri nígbà náà. Ó di pé yóò gbé ọmọ fún mi kí aago ilé-ẹ̀kọ́ tó lù, èmi a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, a ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, yóò sì máa bá mi jókòó títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé lọ́sàn-án. Mo yọ àga rẹ̀ kúrò nítòsí ibi tí mo ti ń gé aṣọ, kí òwú má baà máa fò sí i nímú. Ó ń to bọ́tìnì fún mi ní ìpín-ìpín àwọ̀ wọn. Ó ń bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn, bíi kí ló dé tí bàbá òun ní ilé méjì tí òun kò sì ní ju ẹyọ kan lọ.

Nígbà tí ìyá tó bí mi gbọ́, ó wá láti Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Òun tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ kí n fẹ́ ọkùnrin tó ti kọ ìyàwó. Kò pariwo mọ́ mi. Ó dúró títí àwọn oníbàárà fi lọ, ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kò.

"Gbọ́ mi o. Bí ọmọ yẹn bá sàn, ìyá rẹ̀ ló ni ín. Bí ó bá kú, ìwọ lo pa á."

Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ayé yóò ṣe wí. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí mo bá ń gbé ọmọ náà lọ, ẹ̀rù a máa bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń ka ìgbà tó ń mí sínú. Ṣùgbọ́n mo ń gbé e lọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún Tíṣà lọ́jọ́ kan, nítorí mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní òun náà ti rò ó lójú ọ̀nà kí òun tó dé ẹnu ọ̀nà mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ náà lọ́wọ́ mi, òun ni yóò jẹ́rìí fún mi. Ó ní òun ti pinnu rẹ̀ kí òun tó mọ bóyá n ó tilẹ̀ dá òun lóhùn.

Ọkọ mi kò bínú nígbà tó kọ́kọ́ dé tó gbọ́. Ó ní ohun tó yẹ ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ parí, ọmọ náà kò ṣíwọ́ wíwá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ọkọ mi ṣe ń bá a pàdé níbẹ̀, tí ọmọ náà ń kí i bí ẹni kí àlejò, tí ó sì ń sá wá sí ẹ̀yìn àga mi, mo rí i pé inú rẹ̀ ń bàjẹ́. Ọkùnrin náà kò lè sọ pé inú òun bàjẹ́. Ìbínú ni ó mọ̀ ọ́n sọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní bí Tíṣà bá fẹ́ kí káàdì òun máa wo ọmọ òun sàn, kí ó jẹ́ kí ọmọ wá máa gbé nílé òun. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Nígbà tó ń padà sí kámpù, ó mú káàdì lọ.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan, àyà ọmọ náà dì níwájú kíláàsì. A tún gbé e dé ilé ìwòsàn náà, èmi àti ìyá rẹ̀, láìsí káàdì. Akọ̀wé ń ṣàlàyé òfin fún wa lọ́wọ́ nígbà tí dókítà jáde. Ó wo ọmọ, kò wo ọwọ́ wa. Ó ní kí wọ́n gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ti ń mí dáadáa, ó pè wá, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wa pé iléeṣẹ́ kì í san owó ẹni tí kò bá mú káàdì wá, òun kò sì lè máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láéláé, nítorí àgbá afẹ́fẹ́ náà ti di ọ̀wọ́n bí góòlù. Tíṣà gbé rédíò ilé rẹ̀ wá fi dógò kí owó oṣù tó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ mọ́tò Ìbẹ̀fun. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ń gbé, tó ń din gàrí. Mo bá a nídìí agbada, iná ń jó o lójú. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bi mí pé ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó ní kí n jókòó, ó ń din gàrí rẹ̀ lọ títí èyí tó wà lójú iná fi gbẹ, ó kó o sílẹ̀, ó nu ọwọ́, lẹ́yìn náà ni ó ní kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá mi lẹ́nu kò rárá. Nígbà tí mo ṣe tán, ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ó sì gbé ìkọ́kọrẹ́ fún mi.

Ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní kámpù, ó ní kó wá bá òun ní Ìbẹ̀fun lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí èmi náà wá, kí Tíṣà náà wá. Ẹ̀rù ló gbé mi débẹ̀. Mo rò pé bóyá wọn yóò sọ pé mo ti kọjá àyè mi, pé ìyàwó tuntun kì í fi ẹjọ́ ọkọ sun ìyá ọkọ. A jókòó sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tíṣà ní ìkángun kan, èmi ní ìkángun kejì, ọkọ mi lórí àga. Ọmọ náà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń wo ewúrẹ́.

Ọkọ mi kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó ní òun ni òun bí ọmọ, òun ni òun ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn tí wọ́n fi ń yọ owó káàdì, ṣùgbọ́n ọmọ òun ń sá fún òun bí ẹni rí agbowó-orí. Tíṣà ní òun kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí kì í wá, ọmọdé kì í mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ibi tí wọ́n ti fi sílẹ̀ ní kóòtù. Ìyá ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè, ó yíjú sí mi, ó ní kí n sọ ohun tó wà nínú mi.

Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ bí i, Tíṣà ló ń tọ́ ọ. Èmi tí mi ò ṣe nínú méjèèjì ni mo ń gbọ́ ariwo àyà rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ nílé yín, ẹ wá a wá bí bàbá ṣe ń wá ọmọ. Ẹ má fi àìsàn fà á bí ẹni fi okùn fa ewúrẹ́."

Ìyá ọkọ mi ló fọhùn. Ó fi Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun náà tọ́ ọ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti fi òun sílẹ̀ lọ, pé òun kò fi ebi kọ́ ọ rí kó lè fẹ́ràn òun. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ mọ òun, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ mí."

Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé orúnkún, mo rò pé yóò dìde jáde. Nígbà tó yá, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ káàdì, ó sì gbé e sórí ẹní níwájú mi. Ó ní, "Mú un dání. Má fún mi mọ́, kódà bí mo bá béèrè."

Mo gbé e. Tíṣà kí i pé ó ṣeun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ tó dùn síra wọn, mo rò pé ó jọ àwọn méjèèjì lójú.

Láti ìgbà náà, bí ọkọ mi bá ti wálé, ọjọ́ Sátidé jẹ́ ti ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ mú un nílé Tíṣà. Nígbà kan, ó gbé e dé kámpù, ó gbé e jókòó lórí katapílà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ nítorí rẹ̀, ó jẹ́ kó di irin tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ mú. Ọmọ náà dé, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn pé òun ti la ọ̀nà. Kò sá mọ́.

Ọdún yẹn ni mo bí ọmọ mi ọkùnrin. Tíṣà wá síbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn kan ń wo ojú rẹ̀, wọ́n ń wo ojú mi. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́. Ìgbà tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ pè é ní ìyálé mi. Ó ti ẹnu mi jáde láìrò tẹ́lẹ̀. Kò ṣe bí ẹni tó gbọ́ nǹkan tuntun. Ó dá mi lóhùn pé, "Kò tọ́pẹ́, ìyàwó." Orúkọ tí à ń pe ara wa nìyẹn títí di òní.

Káàdì náà kò pẹ́ láyé sí i. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ìlú dẹnu kọlẹ̀, tí wọ́n já náírà wálẹ̀, ìjọba kò rówó san fún iléeṣẹ́ ọ̀nà náà mọ́. Àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, àwọn katapílà jókòó sínú igbó, ìtàkùn hù lé wọn. Wọ́n fún ọkọ mi ní owó díẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Ó padà sí Ìbẹ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń sùn níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Káàdì di ìwé lásán lọ́wọ́ mi. Oògùn tí àwọn alásímà ń fà sẹ́nu láti mí kò sì sí lọ́jà mọ́, àfi kí èèyàn mọ ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun.

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Tíṣà ló wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró, ó ń wo ẹ̀wù funfun kan tí mo ń rán fún nọ́ọ̀sì tó jẹ́ oníbàárà mi. Ó bi mí bóyá mo lè rán ogún irú rẹ̀. Mo ní bí aṣọ bá wà, kí ló dé. Ó ní kí n múra, a ń lọ bá dókítà.

Lójú ọ̀nà ni ó ṣàlàyé èrò rẹ̀. Iléeṣẹ́ ló ń dúró fún wa tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ ti lọ, kí ló dé tí àwa kò lè dúró fún ara wa? Dókítà náà ní ọmọ mẹ́ta tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ń dà láàmú, gbogbo olùkọ́ ìlú ló mọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń wọ aṣọ tó ti gbó. Mo ní ṣé dókítà kò ní rò pé a ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní kí n jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dé òpin. Ìyálé mi ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun yóò máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Èmi yóò máa rán aṣọ nọ́ọ̀sì, aṣọ ibùsùn àti ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kí dókítà máa ra aṣọ, kí n máa fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe tèmi. Kí dókítà náà sì máa tọ́jú àwọn ọmọ wa, ti ilé méjèèjì, nígbàkígbà tí àìsàn bá dé, bí àìsàn kò bá sì dé, kó jẹ èrè rẹ̀.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ọkọ kan náà lẹ ní?"

Ìyálé mi ní, "Mo ti ní in rí, òun ló ní in báyìí. Ọmọ la jọ ní."

Ó gbà. A kò kọ ọ́ síwèé. Mo gbé aṣọ funfun mẹ́fà lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi náà kò jókòó. Bí ó bá ti din gàrí tuntun ní Ìbẹ̀fun, yóò gbé àpò kan lọ fún ilé dókítà, kò sí ẹni tó rán an. Dókítà bá wa wá oògùn fífà náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe máa lò ó fúnra rẹ̀, ó sì kọ́ èmi àti ìyá rẹ̀ ohun tí a ó ṣe kí àyà tó dì, kì í ṣe ìgbà tó bá ti dì tán. Àìsàn náà kò lọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ń jìn síra. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ìgbà tó ṣe é kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró lọ́dọ̀ wa. Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì, tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ́lì tí kò padà, gbọ́ nípa wa lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì, ó wá bá mi. Ó ní ọmọ òun méjì, kò sí bàbá, kò sí káàdì. Mo mú un lọ bá ìyálé mi, ìyálé mi mú un lọ bá dókítà. Àwọn tó ń gbàtọ́jú níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì gbígbóná láàárọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alágbàfọ̀ kan dé, lẹ́yìn náà obìnrin kan tó ń tọ́jú adìyẹ. Nígbà tí àwa obìnrin náà pọ̀ tó, dókítà ní kí a máa pàdé lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí òun máa bá wa sọ̀rọ̀ nípa ìgbẹ́ gbuuru, nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, nípa omi sísè. Inú ọ̀ọ̀dẹ̀ tí ìyálé mi dúró sí lọ́jọ́ tí mo gbé ọmọ rẹ̀ wọlé ni a ti ń pàdé.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọkọ mi kékeré yóò ti di dókítà. Rárá o. Ilẹ̀ wíwọ̀n ló lọ kọ́. Nígbà tó sọ fún wa pé òun yóò máa rin inú igbó àti eruku kiri, èmi àti ìyá rẹ̀ wo ara wa. Bàbá rẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó ra bàtà tó dára.